Ìjì Tí Nelda Ní Yóò Gba Gúúsù

Àwọn ènìyàn kò yé bi mí pé Nelda Clodfelter dà. Bí ìjì bá ti fojú hàn lórí òkun báyìí, fóònù mi á bẹ̀rẹ̀ sí í dún. "Ruthanne, kí ni Àǹtí Nelda wí? Ṣé yóò gba ọ̀dọ̀ wa?" Ó ti sú mi. Nelda kì í wo ìjì mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀, kó jókòó kó gbọ́ ọ dáadáa, nítorí n kò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ bi òun fúnra rẹ̀.

Ọmọ àgbẹ̀ tábà ni Nelda. Inú oko bàbá rẹ̀ ni wọ́n bí i sí, kí ìjọba tó sé odò, tí adágún Bascom sì bo gbogbo àfonífojì náà mọ́lẹ̀. Oko yẹn wà nísàlẹ̀ omi dòní. Ó máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé orí ilẹ̀ ìdílé òun ni gbogbo wa ti ń wo ẹyẹ, pé ó yẹ kí a máa kí òun kú ilé kí a tó gbé awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn sójú. Ọgbà kan ṣoṣo ló pààlà ilé tèmi àti tirẹ̀. Irun ni mò ń ṣe, èmi ni mo sì ń ṣe orí rẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó ń ṣe irun ènìyàn, kò sí ohun tí kò ní gbọ́.

Awakọ̀ àwọn ọmọ ilé-ìwé ni títí ó fi fẹ̀yìn tì. Kúkúrú ni, ara rẹ̀ le, ohùn rẹ̀ sì le ju ara rẹ̀ lọ. Bí ọmọ kan bá ń pariwo lẹ́yìn ọkọ̀, kò ní yíjú wò ó. Á kàn ní, "Mo ti rí ẹ. Mo sì mọ ilé ìyá ẹ." Ariwo á parí síbẹ̀. Carroll ọkọ rẹ̀ kú nígbà tí Kendra, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, kò tíì mọ̀wé kọ dáadáa. Nelda nìkan ló tọ́ ọmọ náà. Kò fẹ́ ọkọ mìíràn. Ó ní òun kò lè máa ṣàlàyé fún ọkùnrin kankan ìdí tí òun fi ń jáde nílé nígbà tí òjò ń rọ̀.

Inú ọkọ̀ ọmọ ilé-ìwé ni ọ̀rọ̀ ẹyẹ ti mú un. Ìjì kan jà ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn, ó sì ti ń rọlẹ̀. Bó ṣe ń wakọ̀ gun orí afárá adágún, ó rí ẹyẹ ńlá dúdú kan tó rọ̀ sójú ọ̀run, tí kò mi apá, ìrù rẹ̀ là sí méjì bí àlùmọ́gàjí. Ẹyẹ òkun ni, bẹ́ẹ̀ òkun jìnnà sí wa gan-an, ẹni tó bá jáde nílé lówùúrọ̀ kò lè débẹ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí. Nelda dá ọkọ̀ dúró sáàárín afárá tòun tàwọn ọmọ tó wà nínú rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ ẹ̀yìn ń fun fèrè, ó kọ̀, kò mira. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ pè é, wọ́n bá a wí gidigidi. Ó dá wọn lóhùn pé òun gbọ́, ṣùgbọ́n ẹyẹ yẹn kò ní padà wá nítorí ìpàdé wọn. Láti ọjọ́ náà ló ti di ọ̀kan nínú wa.

Àwa mélòó kan la wà ní agbègbè yìí tí a ń ṣọ́ ẹyẹ ìjì. Bó ṣe rí nìyí. Ìjì tó bá ti ojú òkun gbígbóná dìde máa ń yí biri biri, ṣùgbọ́n àárín rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní ojú ìjì, a máa pa rọ́rọ́. Ẹyẹ tó bá há sínú ojú yìí kò ní ọ̀nà àtijáde. Ibi tí ìjì bá ń lọ ló ń bá a lọ, títí á fi rẹ ìjì náà lórí ilẹ̀, omi àkọ́kọ́ tí ẹyẹ náà bá sì rí ló máa já bọ́ sí. Ìdí nìyẹn tí a fi ń lọ dúró létí adágún nígbà tí àwọn tórí wọn pé wà lábẹ́ òrùlé. Ìgbà díẹ̀ la ní. Bí afẹ́fẹ́ bá ti lè yí padà, wọ́n á dìde, wọ́n á forí lé ọ̀nà òkun, ó di gbére.

Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni kí ènìyàn mọ ibi tí ìjì yóò gbà kó tó gbà á. Bó bá gba àríwá, àwọn ará ibòmíràn ló máa jẹun, òjò lásán ni tiwa. Àmọ́ bó bá wọlẹ̀ lápá gúúsù, tó sì gba ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀-oòrùn wa kọjá, gbogbo ohun tí afẹ́fẹ́ bá kó wá láti òkun, Bascom ló máa dà á sí. Nelda mọ ọ̀nà ìjì. Kí ìròyìn tó sọ ọ́ ló ti máa ń sọ ọ́, ó sì máa ń rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ènìyàn láti ìlú mìíràn ń pè é kí wọ́n tó jáde. Ó ń dùn mọ́ ọn, kò sì fi bò. Ta ni irú rẹ̀ kò ní dùn mọ́?

Àárín awò àti ẹ̀wù òjò wa ni Kendra dàgbà sí. Nígbà tó tóbi, ó gba etíkun lọ, ó ń gbé ní erékùṣù Cutler, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa dáàbò bo àwọn ẹyẹ tó ń yé ẹyin sórí yanrìn. Òun ló ń fi òrùka aláwọ̀ ìyeyè sí àwọn ọmọ ẹyẹ ibẹ̀ lẹ́sẹ̀ kí wọ́n tó lè fò. Ó fẹ́ ọmọ erékùṣù náà, Troy Gaskill, apẹja akàn, ọkùnrin tí ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ilé wọn wà lórí òpó igi gíga, bí ilé ibẹ̀ ṣe ń rí, ẹ̀yìn rẹ̀ sì kọjú sí omi.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìjọba ti pàṣẹ pé kí àwọn ará Cutler kúrò nílé nítorí ìjì. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, Kendra pe ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ ní kí wọ́n dúró. Ìjì yà lẹ́ẹ̀mejèèjì. Àwọn aládùúgbò wọn tó sá lọ sun inú ọkọ̀ lójú títì, wọ́n padà wá bá ilé wọn bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀, wọ́n bá Troy níwájú ilé tó ń sun akàn, tó ń kí wọn kú ìrìn àjò.

Ìjì tí mò ń sọ yìí, Vesta ni wọ́n sọ ọ́. N kò mọ ẹni tó ń fún ìjì lórúkọ, ṣùgbọ́n ó jọ pé orúkọ ìyá ìyàwó wọn ni wọ́n ń lò.

Ilé ìdáná Nelda la wà ní ọ̀sán ọjọ́ Wẹ́sidé yẹn, òun, èmi, àti Baba Harlan Fesperman. Baba yìí ló dàgbà jù nínú wa, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó ń tiro, etí rẹ̀ kan sì ti di. Ẹyẹ kan wà tí kò rí rí láyé rẹ̀, ẹyẹ tó dúdú lẹ́yìn tó funfun níkùn, tó ń gbé agbami òkun gbígbóná, tó lè fò títí ọdún á fi yí láìfẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ó máa ń sọ pé òun kò ní kú láìrí i, kí ikú lọ wá ibòmíràn jókòó ná. Ẹ̀pà sísè wà níwájú wa, à ń pa á jẹ, Nelda sì tẹjú mọ́ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà rẹ̀ níbi tí àwòrán ìjì wà. Àwọn ìlà tó ń fi ọ̀nà tí Vesta lè gbà hàn tàn ká ojú ẹ̀rọ bí irun tí a kò tíì yà. N kò mọ̀ ọ́n kà. Ẹ̀pà ni mò ń jẹ.

Fóònù dún, Kendra ni. Nelda tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo wa lè gbọ́.

"Màámi, ẹ kú ọ̀sán o."

"Kendra mi. Báwo ni ibẹ̀?"

"Wọ́n tún ti dé o. Wọ́n ní kí gbogbo erékùṣù kúrò kílẹ̀ ọ̀la tó ṣú. Troy ti ń di ẹrù sínú ọkọ̀. Ó ní òun ò fẹ́ràn bí omi ṣe ń ṣe, pé tọ̀tẹ̀ yìí ò jọ tàtijọ́. Kí lẹ̀yin rí?"

Nelda wo ẹ̀rọ, ó tún un wò. Baba Harlan na ọrùn, ó fi etí rẹ̀ tó gbọ́ràn síwájú.

"Gúúsù ló ń lọ," Nelda ní. "Òjò díẹ̀ lẹ máa rí. Sọ fún Troy kó sọ ẹrù kalẹ̀."

"Ó dá yín lójú?"

"Ìgbà wo ni mo ṣì ẹ́ lọ́nà rí?"

A gbọ́ ohùn Troy látẹ̀yìn: "Ìyá wa! Tí omi bá wọlé mi, ọ̀dọ̀ yín ni mò ń kó bọ̀ o, tèmi ti àwọ̀n akàn mi!"

"Máa bọ̀," Nelda ní. "Ilé ajá ṣófo."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Kendra náà rẹ́rìn-ín, ó kí wa pé ó dàbọ̀, ó lọ sọ fún ọkọ rẹ̀ kó sọ ẹrù kalẹ̀.

Bó ṣe pa fóònù tán, Baba Harlan bi í pé, "Nelda, ṣé Bascom náà ni ká wà?"

"Bascom ni, Baba. Ẹ lọ wá nǹkan gidi wọ̀ o. Tọdún tó kọjá, bíi ẹja gbígbẹ tó bọ́ sómi lẹ ṣe rí."

Vesta kò lọ sí gúúsù. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Fúráìdé máa fi mọ́, ó ti wọlẹ̀, rédíò sì ń sọ pé ìtòsí Cutler ni. Nelda pe Kendra, fóònù kò lọ. Ó pe ti Troy, kò lọ. Nígbà tí mo wọlé tọ̀ ọ́, ó ti wọ ẹ̀wù òjò, ó ti gbé awò kọ́rùn, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì gbẹ.

"Òpó fóònù ló wó," ó ní. "Ó máa ń wó. Ìtòsí ni wọ́n wí, Ruthanne. Ìtòsí kì í ṣe orí."

"Nelda, jẹ́ ká máa lọ sétíkun."

"Ọ̀nà wo la máa gbà? Inú ìjì náà la máa wakọ̀ gbà kọjá. Tí mo bá jókòó sínú ilé yìí, wèrè ni mo máa ya. Jẹ́ ká lọ sí adágún."

Àwọn kan ti bi mí pé irú ìyá wo ló ń lọ wo ẹyẹ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Inú máa ń bí mi. Ẹni tó bá ti dúró de ìròyìn ọmọ rẹ̀ rí kò ní bi mí bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè dúró sójú kan, ibi tó sì mọ̀ ọ́n gbé e lọ nínú ìjì ló gbé e lọ.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan wà létí adágún, níbi tí wọ́n ti ń ti ọkọ̀ ojú omi sómi. Ẹ̀yìn rẹ̀ la máa ń fara pamọ́ sí, nítorí ògiri mìíràn kò sí tó lè dá afẹ́fẹ́ dúró. Òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ: olówó wà níbẹ̀, tálákà wà níbẹ̀, òórùn kan náà ni gbogbo wa ń fà símú. Baba Harlan jókòó sórí àga kékeré, ó fi ọ̀rá bo orí. Ọkùnrin kan wá láti Atlanta, ẹ̀wù rẹ̀ ń dán, awò rẹ̀ tó ìbọn ńlá, ó sì ń sọ̀rọ̀ láìsinmi. Nelda dúró nígun ògiri níbi tí òjò ti ń bá a. Fóònù wà ní ọwọ́ kan, awò wà ní èkejì. Mo fún un ní kọfí, ó fi awò sílẹ̀ lọ́rùn, ó gbà á, ó dì í mú títí ó fi tutù.

Nígbà tó di ọ̀sán, afẹ́fẹ́ dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú sánmà funfun kedere. Vesta ti yà sọ́dọ̀ wa lẹ́yìn tó wọlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ojú ìjì ṣe kọjá lórí wa, ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rí rí.

"Lókè omi!" Baba Harlan fò dìde, àga rẹ̀ ṣubú. "Lókè omi, lápá òsì! Dúdú lẹ́yìn! Funfun níkùn!"

Wọn kì í ṣe ẹyọ kan. Ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ ni wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń ké, wọ́n ń yí po lórí omi náà bí ẹni tó ṣìnà, àwọn mìíràn tí a kò mọ̀ sì wà láàárín wọn. Ọkùnrin Atlanta ń pariwo orúkọ Jésù. Àwọn kan dì mọ́ra wọn. Baba Harlan ń sunkún gbangba, omi ojú ń bá omi òjò ṣàn wọ irùngbọ̀n rẹ̀, ó ń sọ pé, "Ẹ wò ó. Ẹ wò ó, ẹ̀yin ènìyàn mi." Mo wo Nelda. Ó ti gbé awò sójú, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ má dá a lẹ́jọ́. Ohun tí ènìyàn fi ọjọ́ ayé rẹ̀ wá, bó bá fò kọjá níwájú rẹ̀, ojú á tẹ̀lé e.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni àwọn kan dé tí kò jọ ìwọ̀nyí. Wọn kò fò dáadáa, wọ́n kàn ń já bọ́ ni. Orí kọnkéré tó wọ inú omi lọ níwájú wa ni wọ́n bà sí, láàárín àwọn pẹ́pẹ́yẹ, tí wọ́n dùbúlẹ̀ tí wọ́n na ọrùn sílẹ̀ gbọọrọ. Ẹnu wọn pọ́n, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ gùn ju tòkè lọ. Kò sí ẹni tó sún mọ́ wọn. Òfin wa nìyẹn: ẹyẹ tó ti rẹ̀, a kì í dẹ́rù bà á.

"Òrùka!" ọkùnrin Atlanta ké, ojú rẹ̀ wà nínú awò. "Òrùka wà lẹ́sẹ̀ eléyìí! Ìyeyè! Òmíràn náà nìyẹn! Ará Cutler ni wọ́n! Ẹ ò rí nǹkan, ojú ìjì gan-an ló ru wọ́n wá láti Cutler!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo ṣì ń gbọ́ àtẹ́wọ́ náà dòní.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Nelda kò tilẹ̀ sunkún. Ó wo ẹsẹ̀ ẹyẹ náà pẹ́, ó wá sọ awò kalẹ̀ sí àyà rẹ̀.

"Ẹyẹ etíkun kì í lọ sójú òkun," ó ní. Èmi ló ń bá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ibi tó jókòó sí ni ìjì ti ń bá a. Orí ilé wọn ló gbà, Ruthanne. Orí ilé wọn gan-an."

Ó yíjú, ó ń lọ síbi tí ọkọ̀ wà.

"Àǹtí Nelda!" ọkùnrin Atlanta pè é. "Ibo lẹ̀ ń lọ? Afẹ́fẹ́ ò tíì yí! A kì í kúrò kí afẹ́fẹ́ tó yí!"

"Pa ẹnu ẹ mọ́," mo ní. Mo tún sọ òmíràn tí n kò lè kọ síbí.

Baba Harlan kò gbọ́ gbogbo ohun tí a sọ, ṣùgbọ́n ó rí ojú Nelda. Ó fi àwọn ẹyẹ rẹ̀ sílẹ̀, ó tiro tẹ̀ lé wa dé ibi ọkọ̀, ó ti kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ sí mi lọ́wọ́.

"Tèmi ga," ó ní. "Omi ò ní tètè mu ún. Ẹ lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ."

A lọ. Ojú ọ̀nà kún fún igi tó ṣubú. A yà síbí, a yà sọ́hùn-ún, a dé ibi odò kan tó ti gun orí afárá rẹ̀, àwọn ọlọ́pàá sì ní kò sí ẹni tó máa kọjá. Wọ́n darí wa sí gbọ̀ngàn ìjọ kan níbi tí àwọn tó sá kúrò ní etíkun wà. Nelda lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bi wọ́n pé ṣé wọ́n rí Kendra àti Troy Gaskill. Wọn kò rí wọn. Obìnrin kan tó jẹ́ ará Cutler ní kí Nelda fọkàn balẹ̀, pé àwọn méjèèjì yóò ti sá tipẹ́, òun fúnra òun rí Troy tó ń di ẹrù lọ́jọ́ Wẹ́sidé. Nelda dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá jókòó tì mí títí ilẹ̀ fi mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì ni fóònù rẹ̀ dún. Nọ́ńbà tí kò mọ̀ ni. Mo gbọ́ ohùn Kendra láti ibi tí mo jókòó sí.

"Màámi."

"Ọmọ mi! Ọmọ mi, ṣé kò sí nǹkan? Troy ńkọ́?"

Kendra kò dáhùn.

"Kendra, Troy ńkọ́?"

Lẹ́yìn náà la gbọ́ pé omi gun inú ilé wọn, òpó kan sì yẹ̀. Troy tì í sórí òrùlé láti ojú fèrèsé, ó gbá ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, ó ní kó di ibi tó le mú. Ó ku kí òun náà gùn ún nígbà tí ilé náà ṣubú. Kendra gun ọ̀kan nínú àwọn pákó òrùlé títí ó fi há sínú igbó tó wà lẹ́yìn erékùṣù. Ọjọ́ Sọ́ńdè ni wọ́n rí òkú ọkọ rẹ̀.

Ilé ìyá Troy ni wọ́n ti ṣe òkú rẹ̀. Earlene Gaskill ń gbé ní abúlé kan nílẹ̀ pẹrẹsẹ, tó jìnnà díẹ̀ sí etíkun, omi kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Obìnrin gíga ni, opó ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tí a ti ibojì dé, àwọn ará ìjọ rẹ̀ ti to oúnjẹ sórí tábìlì: adìẹ díndín, ẹyin sísè, àkàrà àgbàdo, oríṣiríṣi. Kò sí ẹni tó jẹun. Kendra jókòó sáàárín èmi àti ìyá rẹ̀, ẹ̀ka igi ti ha gbogbo ojú rẹ̀, ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú lórí itan rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti pàdé kò tíì sọ ọ̀rọ̀ fóònù yẹn, bẹ́ẹ̀ ni Nelda kò sọ ọ́. Ẹyin lọ̀rọ̀. Àwọn méjèèjì ń gbé ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ kí wọ́n má tẹ ìfọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Earlene gbé àwo oúnjẹ wá fún Nelda, ó fa àga, ó jókòó kọjú sí wa.

"Ìyá Kendra, ẹ jẹ nǹkan díẹ̀," ó ní. Nelda gba àwo náà. Earlene wò ó. "Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà o. Ọ̀rọ̀ kan ló wà nínú mi tí mi ò lè gbé. Troy pè mí lọ́jọ́ Wẹ́sidé. Ó ní òun ti di ẹrù, ọ̀dọ̀ mi làwọn ń bọ̀. Mo ti tẹ́ ibùsùn sílẹ̀. Nígbà tó pẹ́, ó tún pè, ó ní àwọn ò wá mọ́. Ọmọ mi kì í ṣe aláìgbọ́n. Ta ló ní kí wọ́n má kúrò?"

Nelda ṣí ẹnu, ṣùgbọ́n Kendra ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"A ò bi ẹnì kankan, Mà," ó ní. "Àwa fúnra wa la pinnu."

Ó pa irọ́ náà láìṣẹ́jú, ọwọ́ rẹ̀ sì fún ọwọ́ ìyá rẹ̀ mọ́ra. Mo gbàdúrà kí Nelda fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo gbà á tọkàntọkàn, ẹ̀rí ọkàn mi kò sì dá mi lẹ́bi. Ọmọ ti dárí jì í. Kí ló tún ń wá?

"Irọ́ ni," Nelda ní. "Wọ́n bi mí. Èmi ni mo ní kí wọ́n dúró."

Àwọn ará ìjọ tó ń to àwo dáwọ́ dúró.

"Màámi, àṣìṣe ni," Kendra ní. "Ta ni kì í ṣàṣìṣe? Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ sọ ọ́ tó ṣẹ. Àwọn tó fi ṣiṣẹ́ ṣe pàápàá ò mọ̀ ọ́n. Àṣìṣe ni, Mà."

Earlene mi orí díẹ̀díẹ̀. Kò bínú, tàbí kí n sọ pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ju ìbínú lọ. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni, bí ìyá ṣe máa ń fẹ́ mọ ohun tó pa ọmọ rẹ̀ títí dórí ẹyọ kan tó kẹ́yìn.

"Wọ́n ní ẹ mọ ìjì," ó ní. "Kí lẹ rí lọ́jọ́ náà tó fi dá yín lójú pé gúúsù ló ń lọ?"

Nelda gbé àwo náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Mi ò rí nǹkan kan," ó ní. "Ìlà tó gba Cutler ló pọ̀ jù, mo sì rí i. Ṣùgbọ́n tó bá gba gúúsù, adágún wa ni ẹyẹ máa bọ́ sí. Mo fẹ́ kó gba gúúsù ni."

Kendra tú ọwọ́ ìyá rẹ̀ sílẹ̀.